Carlisle 1912: Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ikọ̀ tó borí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12 nínú 14, tí díẹ̀ nínú wa sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí

àdùkẹ́_ìtàn
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìlú Harrisburg, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ni mò ń gbé. Téèyàn bá wa mọ́tò bí ìdajì wákàtí níbí, yóò dé Carlisle. Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé ẹrù lọ fún ẹnì kan níbẹ̀, mo wá rí itẹ́ òkú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, nítòsí ẹnu àbáwọlé bárékè àwọn sójà. Òkúta funfun ni, wọ́n tò wọ́n bí ẹbè oko, gbogbo wọn ga dọ́gba. Mo páàkì mọ́tò, mo sọ̀kalẹ̀. Orúkọ ọmọdé ni mo ń kà. Orúkọ òyìnbó lókè, orúkọ ẹ̀yà nísàlẹ̀: Sioux, Apache, Cheyenne. Àwọn kan wà tí kò ní orúkọ rárá, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé a kò mọ ẹni tó sùn síbẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ ni bárékè yẹn nígbà kan. Ọdún 1879 ni ọ̀gá sójà kan tó ń jẹ́ Richard Henry Pratt dá a sílẹ̀, kí wọ́n lè máa kó ọmọ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn wá síbẹ̀. Ní 1892, òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé kí wọ́n pa ọmọ ìbílẹ̀ tó wà nínú ọmọ náà, kí wọ́n lè gba èèyàn tó wà nínú rẹ̀ là.

Nígbà tí mo délé, oorun ò kùn mí. Mo ń ka ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ yìí títí mo fi kan ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù wọn. Ní 1912, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14 ni wọ́n gbá. Wọ́n borí nínú 12, wọ́n ta ọ̀mì kan, wọ́n pàdánù ẹyọ kan. Àmì 504 ni wọ́n gbà, 114 ni gbogbo àwọn tó kojú wọn rí gbà pa pọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ nípa sáà yẹn. Lójú tèmi, mi ò mọ ikọ̀ mìíràn tó fi gbogbo ara ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ òfìfo ló kó relé.

ọmọ_olúyọ̀lé
Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ìrìn o. Ẹ jọ̀ọ́, bọ́ọ̀lù wo lẹ ń sọ? Àmì 504 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14? Kì í ṣe èyí tí àwa ń fẹsẹ̀ gbá, àbí?

bàbá_pápá
Rárá, àbúrò. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tó gùn bí ẹyin, tí wọ́n ń gbé sáyà sáré. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wò ó ní Philadelphia níbí, jẹ́ kí n là á fún ọ.

Èèyàn 11 lápá kan, 11 lápá kejì. Àwọn tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn fẹ́ gbé e kọjá ìlà tó wà ní òpin pápá, àwọn yòókù fẹ́ gbá wọn mú kí wọ́n sì wó wọn mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. O ní ìgbà díẹ̀ láti fi rin yáàdì 10. Bí o ò bá rìn ín pé, bọ́ọ̀lù di ti ẹnì kejì. Títí di 1911, ìgbà 3 ni. Ní 1912 ni wọ́n sọ ọ́ di 4. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gé pápá kù láti yáàdì 110 sí 100, tí gbígbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà, èyí tí wọ́n ń pè ní touchdown, wá di àmì 6 dípò 5. Nítorí náà, sáà tí Àdùkẹ́ ń sọ yìí ni sáà àkọ́kọ́ tí eré náà fara jọ èyí tí à ń wò lónìí.

Ohun tó ṣáájú rẹ̀ kò dáa. Àwọn ọkùnrin á kóra jọ gbáà, wọ́n á kọrí sí àárín ọ̀tá, wọ́n á máa ti ara wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ń kú. Ní 1905, Ààrẹ Theodore Roosevelt pe àwọn aṣojú Harvard, Yale àti Princeton wá sí White House pé kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí eré yìí. Nígbà tó di 1906, wọ́n fàyè gba kéèyàn máa ju bọ́ọ̀lù síwájú. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún Carlisle. Àwọn ọmọ wọn ò tóbi tó ti àwọn yunifásítì ńlá, ṣùgbọ́n wọ́n mọ eré sá, ọwọ́ wọn sì yá láti ju bọ́ọ̀lù. Ní 1907, wọ́n na Pennsylvania, yunifásítì ìlú mi níbí, 26-6, bọ́ọ̀lù jíjù sì wà lára ohun tó dà wọ́n láàmú.

ọmọ_olúyọ̀lé
Ẹ ṣeun bàbá, ó ti yé mi. Ta wá ni àwọn tó gbá a ní 1912?

àdùkẹ́_ìtàn
Jim Thorpe ni balógun wọn, ọmọ ẹ̀yà Sac and Fox láti Oklahoma. Gus Welch ló ń darí eré, òun àti Joe Guyon jẹ́ ọmọ Ojibwe. Alex Arcasa, Pete Calac àti Stancil Powell náà wà níbẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ni Glenn Warner, tí wọ́n ń pè ní Pop.

Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí ni wọ́n fi na ara: Albright 50-7, Lebanon Valley 45-0, Dickinson 34-0. Wọ́n gba 65 lójú Villanova, kò sì rí ẹyọ kan dá padà. Ìgbà tó yá ni Washington and Jefferson dá wọn dúró ní 0-0. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n na Syracuse 33-0. Syracuse yìí nìkan ló borí wọn ní gbogbo 1911, pẹ̀lú àmì ẹyọ kan péré, 12-11, ẹ ò rí i pé wọn ò gbàgbé. Wọ́n na Pittsburgh 45-8.

Ibi tí mo ti dúró ronú nìyí. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹwàá, Sátidé, wọ́n wà ní Washington, wọ́n na Georgetown 34-20. Lọ́jọ́ 28, Mọ́ńdè, wọ́n ti dé Toronto ní Kánádà, wọ́n na àwọn tibẹ̀ 49-1. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n wọ̀ o! Ara tí wọ́n ti wó mọ́lẹ̀ léraléra ní Sátidé, orí ìjókòó ọkọ̀ ló ti lo Sọ́ńdè. Àmì 1 yẹn rú mi lójú títí mo fi kà á pé òfin Kánádà ni wọ́n fi gbá apá kan nínú rẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àmì ẹyọ kan.

Kí ló fà á tí wọ́n fi ń rìn tó báyìí? Owó ni. Àwọn èrò ìlú ńlá ló ń san owó ìwọlé tó jọjú. Pápá ilé wọn ò lè mú irú owó bẹ́ẹ̀ wá, nítorí náà bí oṣù Kẹwàá bá ti dé, ọ̀nà ni ilé wọn.

bàbá_pápá
Mo ti ń retí kí o dé orí West Point. Jẹ́ kí èmi sọ ìyẹn, mo bẹ̀ ọ́.

Ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá 1912 ni. West Point ni ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di ọ̀gágun. Oṣù Kejìlá 1890 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà pa àwọn Lakota, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé, ní Wounded Knee. Kò tíì pé ọdún 22. Àwọn kan nínú àwọn tó wà lórí pápá lọ́jọ́ náà ti wà láyé nígbà tí ìbọn dún níbẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi sí ẹni tó lè sọ fún mi pé eré lásán ni wọ́n lọ ṣe.

West Point ló kọ́kọ́ gba àmì, 6. Wọn ò rí òmíràn mọ́ títí eré fi parí. Warner ti kó ọgbọ́n kan sápò dè wọ́n. Dípò kí àwọn tó máa ń gbé bọ́ọ̀lù sáré dúró lẹ́yìn bí ti àtẹ̀yìnwá, ó ní kí ọ̀kan sún mọ́ etí ìlà lápá ọ̀tún, kí ẹnì kejì sún mọ́ ti òsì. Àwọn ológun wò yí ká, wọn ò mọ ẹni tí bọ́ọ̀lù máa bá lọ. Ojú wọn wà lára Thorpe, Arcasa sì gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ìsinmi ìdajì fi máa dé, Carlisle ti fi àmì ẹyọ kan ṣáájú, 7-6. Lẹ́yìn ìsinmi ni ilé wó.

Balógun West Point ni Leland Devore, òmìrán ọkùnrin. Joe Guyon, tó kéré sí i dáadáa, ló ń dúró kò ó. Bí Devore bá fẹ́ kọjá, Guyon á tì í sẹ́yìn. Bó bá tún gbìyànjú, Guyon tún ti wà níbẹ̀. Inú bí ọkùnrin náà débi pé ó fò lu Guyon, adájọ́ eré sì lé e kúrò lórí pápá níṣojú àwọn ènìyàn tirẹ̀. 27-6 ló parí sí.

Ọmọdékùnrin kan wà nínú ikọ̀ West Point lọ́jọ́ náà tó ń jẹ́ Dwight Eisenhower. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wó Thorpe mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ń gbá pẹ̀lú Tufts, bọ́ọ̀lù gbígbá tirẹ̀ sì parí síbẹ̀. Òun ló di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1953, ọdún kan náà tí Thorpe kú.

ìyá_ẹ̀kọ́
Mo ti ń ka gbogbo yín láti àárọ̀. Àdùkẹ́, orúkọ tó wà lórí òkúta wọ̀nyẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Olùkọ́ ni mí, ọdún kẹtàdínlógún mi rèé nínú kíláàsì.

Luther Standing Bear wà lára àwọn ọmọ Lakota tí wọ́n kọ́kọ́ kó dé Carlisle ní 1879. Nígbà tó dàgbà ló ṣàlàyé bí wọ́n ṣe sọ wọ́n lórúkọ. Olùkọ́ kọ orúkọ òyìnbó jọ sójú pátákó, ó fún ọmọ ní igi, ó ní kó nà án sí ọ̀kan. Ọmọ náà kò mọ ìwé, kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó nawọ́ igi sí ọ̀kan, wọ́n ní òun ni orúkọ rẹ láti òní lọ. Bó ṣe di Luther nìyẹn. Wọ́n gé irun wọn, wọ́n sì ní wọn ò gbọdọ̀ sọ èdè wọn.

Lọ́dọ̀ wa, ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ la máa ń kó oyin, iyọ̀ àti obì kalẹ̀, tí baba àti ìyá àgbà yóò máa pe ọmọ. Kí àjèjì kan tún wá gbé igi lé ọmọ náà lọ́wọ́ pé kó yan òmíràn! Thorpe alára ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé, Wa-Tho-Huk, tí wọ́n máa ń túmọ̀ sí ọ̀nà tó mọ́lẹ̀. Èmi á máa pè é bẹ́ẹ̀.

ọmọ_olúyọ̀lé
Mà, ẹ rán mi létí nǹkan kan. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, pákó kan wà tí wọ́n fi okùn sí, ẹni tó bá sọ Yorùbá ni wọ́n máa ń gbé e kọ́ lọ́rùn. Mo gbé e kọ́rùn odindi ọjọ́ kan nítorí mo sọ fún ẹni tó jókòó tì mí pé "sún síbẹ̀". Okùn yẹn ń ha mí lọ́rùn, mo ṣì lè júwe bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí agogo lù, mo relé, ìyá mi sì fi Yorùbá pè mí wá jẹun. Àwọn ọmọ Carlisle ò ní ilé tí wọ́n máa padà sí nírọ̀lẹ́.

ìyá_ẹ̀kọ́
Ọlọ́run á bù kún ìyá rẹ.

bàbá_ìbejì
Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún mi. Ìbejì ni Thorpe! Charlie ni orúkọ ìkejì rẹ̀, kékeré ló sì kú. Mo bí Táyé àti Kẹ́hìndé, mo sì mọ bí ìkan ṣe máa ń wá ìkejì tó bá jẹ́ pé ó kàn yà sílé aládùúgbò ni. Lọ́dọ̀ wa, wọn ì bá ti gbẹ́ ère fún Charlie, kí ìyá wọn máa wẹ̀ ẹ́, kó máa bọ́ ọ. Ẹni tó ti pàdánù ìkejì rẹ̀ tún ni wọ́n gbé lọ sí ibi tó jìnnà bẹ́ẹ̀ ní 1904. Nígbà tí mo kà á pé ó ń sáré já láàárín èèyàn 11 láìwẹ̀yìn, omi bọ́ lójú mi.

kóòṣì_abẹ́òkúta
Ẹ má bínú, mo fẹ́ gbèjà ẹnì kan. Mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bọ́ọ̀lù, mo mọ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Gbogbo yín ń sọ ti àwọn ọmọ, kò sẹ́ni tó yin Warner. Òun ló ronú kan ọgbọ́n tí wọ́n fi borí West Point. Òun náà ló wà lẹ́yìn ti 1903, nígbà tí wọ́n ti bọ́ọ̀lù bọ abẹ́ aṣọ Charles Dillon lẹ́yìn, tó sì sáré la àárín Harvard kọjá tí gbogbo wọn ń wá bọ́ọ̀lù kiri. Wọ́n ti rán rọ́bà sí aṣọ rẹ̀ kó má bàa jábọ́. Harvard ló borí lọ́jọ́ náà, 12-11, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ìyẹn? Láìsí Warner, ta ni yóò gbọ́ orúkọ Carlisle?

àdùkẹ́_ìtàn
Kóòṣì, mi ò jiyàn pé ó lọ́gbọ́n. Ọlọ́gbọ́n ni. Ọ̀rọ̀ tèmi ni ibi tí èrè ọgbọ́n yẹn wọlé sí. Ní 1914, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà rán ìgbìmọ̀ wá ṣèwádìí Carlisle. Gus Welch, ẹni tó darí eré ní 1912, ló ṣáájú nínú àwọn tó kọ ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Àwọn agbábọ́ọ̀lù jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ náà pé Warner máa ń ṣépè fún àwọn, ó sì máa ń na àwọn ọmọ. Ìwádìí tún tú owó bọ́ọ̀lù wò, owó tó wà níkàáwọ́ Warner. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i? Ní 1915, ó gba iṣẹ́ ní Pittsburgh, ó sì ṣe dáadáa níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn fúnra rẹ̀, wọ́n tì í ní 1918, wọ́n dá a padà fún àwọn ológun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Ọmọ tó jìyà lórí pápá, tí kò lè gba kọ́bọ̀ nínú owó ìwọlé, tún ní láti fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú àwọn aṣòfin pé wọ́n ń na òun.

kóòṣì_abẹ́òkúta
Mi ò mọ ti ìwé ẹ̀sùn yẹn. Mo gbà pẹ̀lú yín. Mi ò lè na ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún mi, kí n tún fẹ́ kí wọ́n máa yìn mí.

ọmọ_olúyọ̀lé
Ẹyọ kan tí wọ́n pàdánù ńkọ́?

bàbá_pápá
Níbí ni, ní pápá Franklin Field ní Philadelphia. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn West Point. Pennsylvania 34, Carlisle 26. Ó rẹ̀ wọ́n, àwọn ará ibí sì ju bọ́ọ̀lù lé wọn lórí. Lẹ́yìn ìyẹn ni Springfield 30-24, kí wọ́n tó lọ fi Brown parí rẹ̀ ní Providence, 32-0, lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà.

ìyá_ẹ̀kọ́
Kò sì pé oṣù méjì tí wọ́n fi gba àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì lọ́wọ́ Thorpe. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1912 kan náà, kí sáà bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, Wa-Tho-Huk gba góòlù méjì níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Stockholm, ọ̀kan fún eré ìje oníṣẹ́ márùn-ún (pentathlon), ọ̀kan fún ti oníṣẹ́ mẹ́wàá (decathlon). Lewis Tewanima, ọmọ Hopi tí òun náà jẹ́ ti Carlisle, gba fàdákà nínú eré ẹgbàárùn-ún mítà.

Ní oṣù Kìíní 1913, ìwé ìròyìn kan gbé e pé Thorpe ti gba owó díẹ̀ nígbà tó gbá baseball ní North Carolina ní 1909 àti 1910. Òfin ìgbà náà ní ẹni tó bá ti gba owó eré kò gbọ́dọ̀ bá wọn díje. Ó kọ lẹ́tà, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lásán lòun, òun ò mọ bí nǹkan ṣe rí. Wọ́n gba góòlù méjèèjì. Òfin ìdíje náà tún sọ pé ẹni tó bá ní ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ mú un wá láàárín ọjọ́ 30. Oṣù mẹ́fà ti kọjá nígbà tí ẹ̀sùn yìí dé. Wọ́n ka abala òfin tó máa ṣe é léṣe, wọn ò ka èyí tó máa gbà á.

Ó kú láìrí wọn gbà padà. Ní 1982 ni àjọ Òlíńpíìkì gbà láti dá orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n sì ní kó pín ipò kìíní pẹ̀lú àwọn tó ṣe ìkejì. Ọdún 2022 ni wọ́n tó kọ ọ́ pé òun nìkan ló gba ipò kìíní.

bàbá_ìbejì
Ọdún 110 gbáko lẹ́yìn Stockholm.

àdùkẹ́_ìtàn
Mo fẹ́ padà sórí itẹ́ òkú, nítorí ohun tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Láti 2017, wọ́n ti ń hú àwọn ọmọ kan nínú wọn, wọ́n ń gbé wọn lọ fún ìdílé wọn kí wọ́n lè sin wọ́n sílé. Àwọn Northern Arapaho ni wọ́n kọ́kọ́ gbé tiwọn. Mo rí ibi tí koríko ti yàtọ̀ díẹ̀, mo sì rò pé bóyá ọmọ kan ló ti relé láti ibẹ̀. Lórí òkúta kan, àwọn èèyàn ti to owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ kékeré sí i. Mi ò ní nǹkan lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò nìkan ló wà lọ́wọ́ mi.

Sátidé tó ń bọ̀, mo máa padà lọ. Mo ti gbé ìlẹ̀kẹ̀ iyùn kan sílẹ̀, ti ìyá ìyá mi ni.

bàbá_pápá
Aago mélòó lo máa dé ibẹ̀? Láti Philadelphia, bíi wákàtí méjì ni. Mo máa wá, màmá àwọn ọmọ náà sì ní òun ń bọ̀.

àdùkẹ́_ìtàn
Aago 11, bàbá. Ẹ dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà tí ẹ bá ṣáájú mi dé.

ìyá_ẹ̀kọ́
Ẹ bá mi ka orúkọ wọn sókè, àti ti àwọn tí wọn ò kọ orúkọ sí, ẹ kàn fọwọ́ kan òkúta wọn.